Katakata Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Ẹ́ńjìnì dáhùn, táyà kò dáhùn.

Ohun tó já ìyá aránṣọ láyà láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ìbá sàn kí ẹ́ńjìnì kọ̀ pátápátá, nítorí ẹ́ńjìnì tó dákẹ́ kì í ní ẹjọ́ púpọ̀: bí kì í bá ṣe epo, iná ni. Ṣùgbọ́n katakata yìí ń ké tokuntokun lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, èéfín rẹ̀ ń lọ bá àwọn aṣọ tí a sá sórí okùn, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, táyà rẹ̀ méjèèjì sì dúró gbagidi bí ẹni pé wọn kò bá a tan.

"Ṣé gíà wọlé ṣá?" Ìyá pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ́ńjìnì.

"Ó wọlé, ìyàwó wa. Ó dún kọ̀ọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi."

"Ẹ yọ ọ́, ọkọ mi, kí ẹ tún fi í sí i."

"Mo ti ṣe é títí ó fi sú gíà fúnra rẹ̀."

Ẹni tó ń dá a lóhùn ni àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Sípánà. Ìyá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọlé wọn ní ìyàwó, nítorí ó bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí kì í sùn bí sípánà kò bá sí lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ọmọ náà ti dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe ní ìparí òpópónà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀.

Katakata náà kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gùn. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú, irin ìtulẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì ní apá gígùn méjì bíi ti bárò tí àgbẹ̀ máa ń dì mú, tí yóò máa tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń tẹ̀lé màlúù. Àlòkù ni bàbá, ọkọ ìyá, rà á, kí wọ́n tó bí ọmọ wọn ọkùnrin. Agídí ni bàbá ń pè é. Bí bàbá bá wọlé láti inú ọgbà tí òógùn bò ó, tí wọ́n bi í léèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ, yóò ní, "Èmi àti Agídí ti parí ìjà tòní."

Sípánà pa ẹ́ńjìnì. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e burú ju ariwo lọ, nítorí inú rẹ̀ ni ohùn ọmọ ti dún láti ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Mọ́mì, dírẹ́bà pè. Wọ́n ti gbéra o."

Ọmọ náà dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a lọ̀ dáadáa, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní ìlú ńlá, Akọ̀wé sì ni bàbá kékeré rẹ̀ ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ìwé kà. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ti kun yàrá kan ní ilé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ti wọn ibi tí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ máa wà lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá ti lọ wo yàrá náà. Ó mọ́, ó tutù, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí fèrèsé náà, ara ògiri ilé onílé ni ojú ń gbá.

Lálẹ́ àná ni ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀, nígbà tí wọ́n ń jẹun.

"Dádì ò sí mọ́," ni ọmọ wí. "Ta ló máa bá yín tu ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn? Ilẹ̀ tó le bí òkúta! Bí ẹ ò bá sì gbin nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ máa ṣe níbí? Kí ẹ máa wo ògiri?"

"Katakata bàbá ẹ wà níbẹ̀."

"Katakata tó ti kú kí Dádì tó kú!"

"Kò kú. Ó ń sinmi ni."

"Mọ́mì, nǹkan tó pa Dádì nìyẹn. Àárẹ̀ ni. Nǹkan yẹn ló ń wọ́ ọ káàkiri títí èémí ẹ̀ fi tán."

"Àìsàn ló pa bàbá ẹ. Má parọ́ mọ́ irin."

Ọmọ náà gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, ó dáa, kí wọ́n ṣe àdéhùn. Òun ti bá àwọn tó ń kó irin àlòkù sọ̀rọ̀, wọ́n ń bọ̀ láàárọ̀. Bí katakata bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti abẹ́ páànù dé ẹnu géètì kí wọ́n tó gbé e, òun kò ní sọ̀rọ̀ kíkó kúrò mọ́ láé. Bí kò bá rìn, wọn á gbé e lọ, ìyá náà á di ẹrù rẹ̀, òun àti ìyá á jọ lọ sí ìlú ńlá.

"Mo gbà," ni ìyá wí.

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀ kó tó rántí pé òun kò mọ nǹkan kan nípa irin. Òru náà, kò sùn. Ó dìde lọ fọwọ́ kan ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọ̀dà ti dọ̀tí ní déédéé èjìká. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa ń di ọwọ́ mú nígbà tí àìsàn náà le, bó bá fẹ́ rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò fọ ibẹ̀. Kò ní fọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ilé lẹ́yìn rẹ̀ yóò fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ má wo ẹnu ọ̀nà mọ́," Sípánà wí. "Ẹ wo ibí. Iṣẹ́ yìí dà bí ìgbà tí a rán èèyàn níṣẹ́ tí iṣẹ́ ò dé. Ẹ́ńjìnì rán bẹ́líìtì, bẹ́líìtì rán kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì rán gíà, gíà rán ọ̀pá tó gun táyà méjèèjì. Ẹnì kan nínú wọn gba iṣẹ́ tí kò jẹ́. A máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ tètè bi wọ́n."

Ó kọ́kọ́ bi bẹ́líìtì. Ó ṣí ìbòrí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò dẹ̀, kò sán, kò sì yọ̀. Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, gíríìsì ti bò ó dé ọrùn ọwọ́.

"Ta ló kun gíríìsì báyìí? Ní apá rẹ̀, ní irin ìtulẹ̀, ní ìdí táyà! Ìyàwó wa, ṣé katakata lẹ ń tọ́jú ni, àbí ẹ ń fi ìpara pa ọmọ tuntun?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn tó wá kí i ti padà sílé wọn tán, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń mú àkísà àti agolo gíríìsì lọ sí abẹ́ páànù, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ irin, yóò pa á lára títí yóò fi máa dán, kí ìpẹtà má baà rí ọ̀nà. Bẹ́líìtì nìkan ni kò fọwọ́ kàn, nítorí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un rí pé bẹ́líìtì àti gíríìsì kì í ṣọ̀rẹ́.

"Bẹ́líìtì jàre," Sípánà wí. "Ó yá, kílọ́ọ̀ṣì."

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ti dẹ̀. Sípánà rí i, ó pariwo bí ẹni tó mú olè. Ó fi sípánà méjì dè é, ó fún un, ó tún fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wò. Ó le dáadáa. Sípánà fa okùn ẹ́ńjìnì, ó sọjí. Ó fi í sí gíà. Ó rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Katakata mì tìtì. Táyà kò yí.

"Wọ́n ti kọjá ilé epo o," ọmọ wí láti orí àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ kò ní ìdùnnú nínú.

"Akọ̀wé, gbé fóònù yẹn jìnnà sí mi!" Sípánà pa ẹ́ńjìnì. "Bí o ò bá ní í bá wa wá a, má kà á fún wa bí ẹni ń ka ìròyìn."

"Bàbá kékeré, ẹ má bínú. Mo kàn ń sọ ibi tí wọ́n dé ni."

"A ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ikú náà ń bọ̀; ṣé ẹnì kan ń fóònù sọ ọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ láàárín wọn. Sípánà wo ìyá, ó gbójú sílẹ̀. "Ẹ foríjì mí, ìyàwó wa."

"Ẹ ṣí gíà," ni gbogbo ohun tí ìyá wí.

Èyí ni wọ́n ti ń sá fún láti àárọ̀. Ẹni tó bá ṣí inú gíà katakata àtijọ́ pẹ̀lú ìkánjú dà bí ẹni tó ń ṣí ikùn ènìyàn láàárín ọjà. Àwọn nọ́ọ̀tì ìbòrí rẹ̀ ti di ọmọ ilé, wọn kò fẹ́ jáde. Sípánà dọ̀bálẹ̀ lé e, ó ń fi òòlù kékeré lù wọ́n, ó ń fi orúkọ búburú pè wọ́n, títí ọ̀kan fi gbà, tí èkejì fi tẹ̀lé e. Ìyá ń gba nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àwo tí ó máa ń kó bọ́tìnnì sí, bí wọ́n ṣe jáde ni ó ṣe ń tò wọ́n. Nígbà tí ìbòrí ṣí, àwọn méjèèjì tẹ orí ba.

Epo inú rẹ̀ mọ́. Eyín gíà pé, wọ́n ń dán bí eyín ọmọdé.

"Ẹ bá mi fi ọwọ́ yí wíìlì ẹ́ńjìnì yẹn," Sípánà wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Ìyá yí i. Gíà kìíní yí, èkejì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta gbà á, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó di ọ̀pá táyà mú, náà yí pẹ̀lú sùúrù. Inú ìyá dùn, títí ó fi wo ojú Sípánà.

"Kí ló dé? Gbogbo wọn ló ń yí."

"Ohun tó burú nìyẹn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Bí gíà yẹn bá ń yí tí táyà ò yí, á jẹ́ pé irin kékeré tó so gíà mọ́ ọ̀pá ti gé sínú. Ó kàn ń yí lásán lórí ọ̀pá ni. Àfi ká tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ pátápátá, ká tún wá ẹni tó máa rọ òmíràn."

"Ṣé kò ṣeé ṣe lónìí?"

Sípánà wo inú gíà náà. Ó mi orí.

Bó ti ń mi orí lọ́wọ́ ni fèrè ọkọ̀ dún ní ẹnu géètì.

Ọmọ lọ ṣí géètì. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, tí ó kún fún ilẹ̀kùn mọ́tò àti irin fèrèsé, fi ìdí wọlé, ó dí ẹnu géètì pa. Dírẹ́bà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó gbé okùn kọ́ èjìká.

"Ẹ kúulé o! Níbo ni arúgbó náà wà?"

"Arúgbó wo?" ìyá béèrè.

"Katakata ni o, Mámà. Ẹ̀yin ṣì ń dán."

Sípánà ń dá ìbòrí gíà padà, ó ń gba nọ́ọ̀tì láti inú àwo bọ́tìnnì. "Wọn ò ní gbé e lọ ní ìhòòhò," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Òkú pàápàá, a máa ń bo ojú ẹ̀."

Ìyá jókòó sórí ìdérí korobá. Ó ti ń ro bí wọ́n ṣe máa di maṣíìnì rẹ̀, bóyá kí ó yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ó má baà kán lọ́nà.

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ náà dúró ti katakata, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í láti mọ bó ṣe wúwo tó. Katakata náà yí gbirigbiri lọ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun Sípánà lẹ́sẹ̀.

"Àh, ó mà fúyẹ́ o!" ọkùnrin náà wí. "Ó dà bí kẹ̀kẹ́ ọmọdé."

Ìyá gbójú sókè. Ọwọ́ gíà ṣì wà níbi tí Sípánà fi í sí. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Katakata tó wà nínú gíà kì í gbọ́ títì. Ó ti rí ọkọ rẹ̀ tó ń bá a ja ìjàkadì ní àìmọye ìgbà. Níbo ló ti rí i rí tó fúyẹ́ báyìí?

Ó rántí. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ wó lulẹ̀ sórí ibùsùn tí kò dìde mọ́ ni. Òjò ń ṣú. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí korobá yìí gan-an, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo. Ó ní, "Bá mi gbé e wọ abẹ́ páànù. Kò ní wúwo fún ẹ." Òun rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tu òun nínú ni, bí a ṣe ń sọ fún ọmọdé pé oògùn kò ní korò. Òun tì í, ó sì ń lọ nírọ̀rùn, òun sì rò nínú ọkàn pé Olúwa ló fún òun lágbára.

Ó ti rí wíìlì kan rí tó ń yí tí ohun tó yẹ kó gbé kò yí. Nínú maṣíìnì tirẹ̀ ni. Bí a bá fẹ́ ká òwú sí bọ́bììnì, a óò tú ìdérí wíìlì díẹ̀. Wíìlì á máa yí, abẹ́rẹ́ á sì dúró. Kò bàjẹ́. Ẹnì kan ló tú u. Nígbà tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ta ló máa ń bá a tú u, tó sì tún máa ń bá a fún un padà?

"Ẹ dúró!"

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ ti táyà. "Ọkọ mi, kí ló so táyà yìí mọ́ ọ̀pá?"

"Píìnì ni. Ó wà níbẹ̀, mo fọwọ́ kan orí ẹ̀."

"Ẹ ò rí i. Ẹ fọwọ́ kàn án ni." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu gíríìsì tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kó jọ láti Sátidé dé Sátidé. Ó nípọn bí ẹrẹ̀. Ihò kan yọ lábẹ́ rẹ̀ ní ọrùn táyà, ó ṣófo. Lẹ́yìn rẹ̀, ní orí ọ̀pá níta pátápátá, ihò kejì wà, ibẹ̀ ni píìnì náà jókòó sí.

Sípánà fi ìka kan ihò méjèèjì wò. "Ihò ìta," ó wí. "Ihò ìta kàn ń di táyà mú kó má bọ́ ni. Kò so ó mọ́ ọ̀pá. Ìyàwó wa! Gíà ò ṣe nǹkan kan. Táyà ni wọ́n tú sílẹ̀!"

"Ẹ tètè o," dírẹ́bà wí. "A ṣì ní ibòmíràn tí à ń lọ."

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ti so okùn mọ́ apá katakata. Sípánà fa píìnì apá òsì yọ, ó fi sí ihò inú, ó yí táyà díẹ̀, ó wọlé. Ó sáré bọ́ sí apá ọ̀tún. Èyí jáde, ṣùgbọ́n kò wọlé: ihò ọrùn táyà àti ihò ọ̀pá kọ̀ láti wo ojú ara wọn. Bó bá di píìnì mú, kò sí ọwọ́ tó máa yí táyà. Bó bá yí táyà, píìnì á yẹ̀.

"Mọ́mì," ọmọ wí pẹ̀lẹ́, "wọ́n ti dé. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé wọ́n ti gbé e?"

Ọmọ wo okùn tó wà lára katakata.

"Bàbá ẹ ló tú u," ìyá wí. Kò wo ẹ̀yìn. "Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà yẹn, kò lè di ife mú. Ó bẹ̀rẹ̀ síbí, ó yọ píìnì méjèèjì, kí ó má baà wúwo fún mi. Ó sọ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ yé."

Okùn le. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Katakata sún, Sípánà ṣépè, píìnì bọ́ sínú iyanrìn.

"Ẹ dẹ okùn yẹn."

Ọmọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ sínú gíríìsì pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá táyà mọ́ra. "Bàbá kékeré, ẹ di píìnì mú. Èmi á yí i. Ẹ sọ fún mi ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀."

"Rọra. Rọra. Padà díẹ̀. Ó kù díẹ̀... Akọ̀wé, má mí!"

Píìnì wọlé, ó dún kọ́.

Ìyá tú okùn, ó wọ àárín apá katakata méjèèjì, ibi tí kò dúró sí rí. Sípánà fa okùn ẹ́ńjìnì. Ó kọ̀. Ó tún fà á. Ó ké. Ìyá di kílọ́ọ̀ṣì mú bó ṣe máa ń rí i tí ọkọ rẹ̀ ń dì í mú, ó rọra jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ẹni ń jọ̀wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Agídí fò síwájú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba apá rẹ̀ yọ. Ó tẹ̀ lé e, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọjá lábẹ́ okùn aṣọ, ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dojú kọ ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó dí géètì.

"Ẹ sún síwájú!" Sípánà pariwo.

"Mámà, ẹ dá a dúró!"

"Ẹ̀yin lẹ dí ọ̀nà!" ni ìyá dáhùn, kò sì dá a dúró.

Dírẹ́bà sá gun ọkọ̀ rẹ̀, irin àlòkù ń dún wọ́nganwọ̀ngan lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń wa ọkọ̀ jáde sí òpópónà. Táyà katakata tẹ irin ẹnu géètì. Ìgbà náà ni ìyá tó fa kílọ́ọ̀ṣì, tó pa ẹ́ńjìnì, tó sì dúró níbẹ̀.

Ọmọ lọ bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Ìyá kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó padà, gíríìsì wà ní àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní ibi tó ti gbá táyà mọ́ra. Ó di apá katakata mú láti bá ìyá rẹ̀ tì í padà sí abẹ́ páànù. Ó tì í, kò mira. Ó fi èjìká sí i.

"Ó ti wúwo, Mọ́mì. Ṣé kí n yọ píìnì yẹn?"

"Má yọ ọ́," ni ìyá wí. Ó ti ń wo ọgbà. "Lọ bá mi gbé bàtà mi wá, kí o mú epo bọ̀."